Ọbẹ̀ Kan Tó Kan

Ní oṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi ogójì ọdún ṣe. Dókítà kan ti sọ tirẹ̀, lọ́yà kan ti sọ tirẹ̀, ó wá kàn mí. Mo dìde, mo ní, "Kúùkù ni mí." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú nawọ́ sókè, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ yàn án, àbí iṣẹ́ mìíràn ni ẹ kò rí?" Mo fẹ́ràn ọmọ náà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ìbéèrè ni èmi náà sì fi kọ́ iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n àsìkò tí wọ́n fún mi kò tó láti dá a lóhùn, ni mo ṣe jókòó kọ èyí sílẹ̀ fún un, àti fún ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe láyé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Bàámi, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Káfíńtà ni Bàámi. Ọmọ Ìbẹ̀fun ni, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde níbí ló fi ṣe ibùjókòó, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé wa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ náà nìyẹn. Èmi nìkan ni ọmọkùnrin tó bí, ó sì ti fọkàn sí i pé èmi ni n ó gba ayùn lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n pákó kò fẹ́ràn mi. Àga tí mo kọ́kọ́ kàn, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló kanlẹ̀. Bàámi wo àga náà títí, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó ní kí adìyẹ máa yé sórí rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún ọgọ́rin yẹn ni mo wọlé wá sọ fún un pé mo ti ríṣẹ́ kúùkù ní ilé àwọn tíṣà Íńdíà kan. Ó gbé ọ̀bẹ ìfági rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọkùnrin tó lápá tó lẹ́sẹ̀, òun ló fẹ́ lọ máa ro ọbẹ̀ fún ìyàwó oníyàwó?"

"Iṣẹ́ ni, Bàámi."

"Kọ́lá, gbọ́ o. Ẹnu mi kò ní kan ọbẹ̀ tí o bá sè, títí tí n ó fi kú."

Màámi ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ burúkú ni. Ó ní òun ti sọ ọ́. Ó sì pa á mọ́ lóòótọ́. Fún ọdún méje gbáko, bí mo bá gbé oúnjẹ wálé ní Kérésìmesì, yóò dúpẹ́, yóò súre fún mi, yóò wá tì í sọ́dọ̀ alábàágbé wa. Kò bú mi, kò bá mi jà. Kò ṣáà jẹ ẹ́ ni. Ó dùn mí ju kó nà mí lọ.

Ohun tó jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ni pé ahọ́n Bàámi kì í ṣe ahọ́n lásán. Gàrí ni Màámi ń yan tà. Ẹ̀yìnkùlé wa, àpò ẹ̀gẹ́ rírin ni, tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ kó lè máa ro omi rẹ̀ dànù, kó sì máa kan. Bí Màámi bá ti yan án tán, yóò bu díẹ̀ fún Bàámi. Bàámi á dà á sẹ́nu, á dijú, á ní, "Ọjọ́ mẹ́rin lèyí lò nínú àpò," tàbí, "Ẹ kánjú o, ọjọ́ méjì péré nìyí." Kì í ṣì í. Àwọn obìnrin àdúgbò a máa gbé tiwọn wá kó bá àwọn tọ́ ọ wò kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé gàrí tí kò bá kan kì í ṣe gàrí Ìjẹ̀bú, eruku ni. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ló wá ní òun kò ní fi tọ́ oúnjẹ mi wò.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà kò gùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Fọlá, ń tẹ táípù ní ilé-ìwé àwọn obìnrin kan nínú ìlú, ó gbọ́ pé tíṣà kẹ́mísìrì wọn ń wá ẹni tí yóò máa ran òun lọ́wọ́ nílé ìdáná. Owó iṣẹ́ náà tó jẹun, kò tó ra mọ́tò. Ó tán.

Mísìsì Tọ́másì ni tíṣà náà ń jẹ́. Obìnrin kúkúrú ni, irun rẹ̀ gùn dé ìbàdí, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ohun tó bá ń wò. Ọkọ rẹ̀ ń kọ́ni ní ìṣirò ní Odògbolú. Ìsàlẹ̀ Íńdíà lọ́hùn-ún, létí òkun, ni wọ́n ti wá, níbi tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ àti àgbọn ló kún ẹ̀yìnkùlé gbogbo èèyàn. Onígbàgbọ́ ni wọ́n bíi tiwa. Wọn kì í ṣe olówó o. Wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sílé fún àwọn òbí, nítorí náà oúnjẹ alẹ́ ilé yẹn, ìwọ̀nba ohun tó wà lọ́jà Òkè-Àje tí kò wọ́n lọ́jọ́ náà ni. Òyìnbó tèmi, Òyìnbó tirẹ̀, àti Yorùbá tó ń kọ́ lọ́wọ́, ni a fi ń bára wa sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé iṣẹ́ káfíńtà nìkan ló ní ọ̀gá líle, ẹ wá gbọ́. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan iná. Àlùbọ́sà ni mo ń gé, àgbọn ni mo ń rin, ìdí ọlọ ni mo ń wà. Bí mo bá gé àlùbọ́sà tí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, yóò fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ṣà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

"Kọ́lá, iná kò mojú ẹnikẹ́ni. Èyí á jóná, èyí á wà ní tútù. Tún un gé."

"Èyí tí mo ti gé ńkọ́, Mà?"

"Ìwọ ni yóò jẹ ẹ́."

Mo jẹ àlùbọ́sà ní ọdún yẹn tí ó tó mi títí láé.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni hóró músítádì. Láti kékeré ni mo ti ń kà á nínú Bíbélì, n kò rí ẹni tó fojú rí i rí. Ọjọ́ tí Mísìsì Tọ́másì da díẹ̀ sí mi látẹ́lẹwọ́, mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Ó kéré lóòótọ́. Yóò da epo ṣíbí kan péré sínú ìkòkò. Èmi tó jẹ́ pé nílé wa, a máa ń bu epo títí ata á fi máa lúwẹ̀ẹ́, mo rò pé epo ló tán nílé. Bí epo náà bá ti gbóná, yóò da hóró wọ̀nyí sí i, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ta páú, páú, páú. Etí ló fi ń sè é. Yóò wà ní pálọ̀, yóò máa máàkì ìwé àwọn ọmọ, a ó ṣàdédé gbọ́ ohùn rẹ̀: "Kọ́lá! Wọ́n ti dákẹ́! Kí lò ń dúró dè?" Ìgbà yẹn ni kí n da àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti aáyù sí i, kí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

Kí ló dé tí epo kéré? Kí ló dé tí a kò dín ata? Kí ló dé tí ẹ̀fọ́ kò pẹ́ lórí iná? Mo bi í títí ó fi sọ mí ní Mísítà Kí-ló-dé. Kò bínú sí ìbéèrè rí o. Tíṣà ni. Ṣùgbọ́n kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀, yóò ní kí n sè é lọ́nà méjèèjì kí n sì fi ẹnu ara mi dáhùn. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a bá rọra yí lórí iná fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, pẹ̀lú àgbọn rírin àti atalẹ̀ pupa ìwọ̀n èékánná, adùn rẹ̀ kì í bá omi lọ. Ọjọ́ tí Fọlá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó ní, "Kọ́lá, ẹ̀fọ́ yìí ṣì ń mí o." Ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ìrẹsì òkè òkun wọ́n bí ojú ní àárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn tíṣà yòókù ń ráhùn, ṣùgbọ́n Mísìsì Tọ́másì ní kí n lọ ra ẹ̀gẹ́ wá, irú èyí tí kò korò. A bó o, a gé e, a sè é, a da omi rẹ̀ nù, a wá fi àgbọn, ata àti àlùbọ́sà gún un díẹ̀díẹ̀. Ọbẹ̀ ẹja ṣáwá ni a fi jẹ ẹ́. Ó ní ní ìlú tòun, oúnjẹ tálákà ni, olówó sì ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Èmi ọmọ onígàrí, n kò mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, oúnjẹ yìí sì lé ebi kúrò ní ilé yẹn láìmọye ìgbà.

Wàyí o, ọjọ́ tí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọdún kejì mi ni. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wọn àti ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wá jẹun ní ìrọ̀lẹ́ Fráìdeè. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán ni ọ̀gá yìí, òun ni yóò sì kọ lẹ́tà tí wọ́n á fi tún ìwé iṣẹ́ Mísìsì Tọ́másì ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀, Mádàámù mi, Mísìsì Tọ́másì, fúnra rẹ̀ ló se ọbẹ̀ ẹja pupa kan sínú ìṣaasùn. Wọ́n rán mi lọ ra kẹrosíìnì nígbà náà, n kò rí ohun tó fi sí i. Kò sì sọ fún mi pé ọbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú kó tó dùn.

Ní òwúrọ̀ Fráìdeè, wọ́n ti lọ sílé-ìwé. Mo ṣí ìṣaasùn. Mo tọ́ ọbẹ̀ wò. Yéè! Ó ti kan!

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mọ ohun tí ọbẹ̀ kíkan jẹ́ nílé Yorùbá. Bí ìyàwó ilé bá gbọ́ pé "ọbẹ̀ rẹ ti kan," ojú á tì í. Ajá gan-an á gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, ṣé lójú mi báyìí ni Mádàámù á ti gbé májèlé síwájú ọ̀gá rẹ̀? Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Mo gbé ọbẹ̀ náà lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo dà á nù pátápátá, mo fi yẹ̀pẹ̀ bò ó kí adìyẹ aládìyẹ má baà jẹ ẹ́ kú. Mo wá fi eérú fọ ìṣaasùn náà títí ó fi mọ́ fefe. Inú mi dùn sí ara mi. Mo tilẹ̀ ń súfèé.

Mísìsì Tọ́másì dé ní aago méjì. "Kọ́lá, gbé ìṣaasùn yẹn wá kí n wò ó."

"Mo ti fọ̀ ọ́, Mà."

"O ti fọ kí ni?"

"Ọbẹ̀ inú rẹ̀ ti kan, Mà. Mo ti bá yín dà á nù."

Ó wò mí. Yorùbá tó mọ̀ kò tíì dé ibẹ̀. "Kan? Kan kọ́ ni ẹ fi ń ka nǹkan? Ẹja kan, iṣu kan?"

"Rárá, Mà. Ó kan, ó kan..." Ẹnu kò ràn án mọ́, ni mo bá fún ojú àti ẹnu pọ̀ bí ẹni tó mu omi ọsàn wẹ́wẹ́, kó lè rí ohun tí mò ń wí.

Ó wo ojú mi dáadáa. Ó fa àpótí kan, ó jókòó lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí n ó sọ fún Bàámi bí wọ́n bá lé mi. Nígbà tó yá, ó ní, "Kọ́lá, mo fẹ́ kó kan. Mo ṣe é kó lè kan."

Ó dìde, ó mú agolo kan wá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ọmọ ìka yọ nǹkan dúdú kan tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ jáde. Òun ló kù nínú èyí tó mú wá láti ilé. "Lá a."

Mo lá a. "Ó kan, Mà."

"Ṣé ó ti bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́, Mà."

"Gàrí tí o máa ń fomi mu lọ́sàn-án, tí o ń kánjú sí bí ọmọdé tó rí ṣúgà, ṣé kò kan ni?"

"Ó kan, Mà. Ti Màámi ni. Ọjọ́ mẹ́rin."

"Ṣé o máa ń dà á nù?"

Ìbéèrè yẹn gbá mi létí. Èmi tí mò ń béèrè kí ló dé káàkiri, n kò bi ara mi léèrè rí ìdí tó fi jẹ́ pé kíkan gàrí ni adùn rẹ̀, tí kíkan ọbẹ̀ sì jẹ́ ikú rẹ̀. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́, ahọ́n mi rántí nǹkan dúdú náà. Mo mọ̀ ọ́n! Àjàgbọn ni, èso kíkan tí àwọn ìyá Hausa ní Sábó fi ń ṣe kunu. Mo ní, "Mà, omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ẹ bá mi gbé omi kaná." Mo fò sórí kẹ̀kẹ́, mo kọrí sí Sábó.

Mo ra àjàgbọn, mo ra ẹja lọ́nà, mo padà dé. Àwa méjèèjì jọ sè é. Mo rẹ àjàgbọn sínú omi gbígbóná, mo fọwọ́ fún un, mo sẹ́ ẹ. Aáyù, atalẹ̀, ata gígún, atalẹ̀ pupa, omi àjàgbọn, lẹ́yìn náà ẹja. Kò sùn mọ́jú bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò dé, ọ̀gá àgbà bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Mísìsì Tọ́másì, kí lẹ fi sí ọbẹ̀ yìí?"

"Ẹ bi kúùkù mi, Mà. Láti aago méjì ọ̀sán yìí ló ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó kan àti ohun tó bàjẹ́." Ó wá ro gbogbo rẹ̀ fún wọn níṣojú mi. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín yọ dígí ojú rẹ̀, ó ń nu omijé. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ lẹ́tà náà.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Fún oṣù kan gbáko, lójoojúmọ́, Mísìsì Tọ́másì á fi aṣọ dì mí lójú, á gbé ife kéékèèké síwájú mi: omi ògì, omi gàrí, ọsàn wẹ́wẹ́, wàrà tó sùn, ọbẹ̀ àná, àjàgbọn. Èwo ló kan? Èwo ló bàjẹ́? Bí mo bá ṣì í, ìdí ọlọ. Nígbà tí oṣù náà pé, mo lè dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Mo wá rí i pé iṣẹ́ ahọ́n Bàámi gan-an ni mò ń kọ́ nínú òkùnkùn aṣọ yẹn, ojú mi dì, ẹnu mi là. N kò sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Ọlọ ni a fi bẹ̀rẹ̀, lórí sítóòfù tó máa ń fi èéfín kun ògiri. Lẹ́yìn náà ni bíléńdà dé. Mísìsì Tọ́másì kò fẹ́ gbà á, ó ní bíléńdà ń gé ata ni, kì í lọ̀ ọ́. Nígbà tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀, ọlọ ló ń jàre. Gáàsì dé lẹ́yìn náà, ó yára jù fún mi, mo jó àlùbọ́sà mẹ́ta kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n. Títí dòní, bí nǹkan bá ṣe pàtàkì, mo ṣì ń padà sí ìdí ọlọ.

Nígbà tí àwọn ọdún ọgọ́rin ń parí lọ, owó wa kò níyì mọ́, ohun tí àwọn Tọ́másì ń fi ránṣẹ́ sílé kò ra nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n palẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Mádàámù gbé ìṣaasùn yẹn fún mi, pẹ̀lú ìgò hóró músítádì kan. Ó ní, "Mísítà Kí-ló-dé, máa béèrè." Mo sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn wọn, mo se oúnjẹ fún aláìsàn nílé ìwòsàn kan, mo sì fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí a ti ń se oúnjẹ alẹ́ aládùn pẹ̀lú epo díẹ̀ àti owó táṣẹ́rẹ́, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti sáré kọjá Bàámi. Ẹ jẹ́ ká padà.

Kò tíì pé ọdún kan tí àwọn Tọ́másì lọ tí Bàámi fi ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù. Màámi ti kú ní ọdún méjì ṣáájú, kò sí ẹni tó ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé mọ́, àwọn obìnrin àdúgbò náà kò sì gbé tiwọn wá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó fún un ní oògùn, ó ní, "Bàbá, ẹ jìnnà sí iyọ̀. Bó bá tún gbé yín ṣubú, apá tí ẹ fi ń di ayùn mú lè má gbé mọ́."

Fọlá ń se oúnjẹ aláìníyọ̀ fún un. Bàámi á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, á gbé e tì. "Kí ló yàtọ̀ láàárín èyí àti koríko?" Ó ń rù. Ní ọjọ́ kan, Fọlá ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó rí iyọ̀ tí ó wé sínú bébà láàárín ìṣó. Ó sáré wá bá mi.

"Kọ́lá, wá wo bàbá rẹ. Bí kò bá jẹ iyọ̀, ebi ni yóò pa á. Bó bá jẹ ẹ́, iyọ̀ ni yóò pa á. Ọjọ́ kẹta rèé tó jẹ́ pé ògì lásán ló wà níkùn wọn."

"Wọn kò ní jẹ tèmi. Ìwọ náà gbọ́ ohun tí wọ́n sọ."

"Mo gbọ́. Wá sè é bẹ́ẹ̀ náà."

Mo gbé ìṣaasùn lọ sí ilé ìdáná Màámi. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Ẹ̀rù ń bà mí ju ọjọ́ ọ̀gá àgbà lọ. Mo ra ẹja tútù, nítorí gbígbẹ ti ní iyọ̀ tirẹ̀. Mo da epo ṣíbí kan, mo da hóró músítádì tó kù sí i. Páú, páú. Mo gbọ́ ohùn Bàámi láti ṣọ́ọ̀bù: "Kí ló ń ta nínú ilé?" Aáyù, atalẹ̀, ata, omi àjàgbọn tó ki. N kò fi iyọ̀ sí i, ì báà ṣe hóró kan ṣoṣo.

Mo bu omi ọbẹ̀ díẹ̀ sínú ife, mo gbé e lọ bá a. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti mi orí.

"Bàámi, n kò gbé oúnjẹ wá. Ìbéèrè ni mo gbé wá. Nǹkan kan rèé tó kan, n kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé kíkan rẹ̀."

"Gàrí ni?"

"Kì í ṣe gàrí."

"Kí wá ni?"

"Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún mi."

Ó wo ife náà. Ó wo ojú pópó. Ó tún wo ife náà. Mo mọ ìwò yẹn. Bí èmi náà ṣe ń wo ìkòkò oníkòkò nìyẹn, tí n kò lè kọjá lára rẹ̀ láìṣí i. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ti jogún kí-ló-dé. Ó ki ọmọ ìka bọ̀ ọ́, ó lá a, ó dijú.

"Kì í ṣe ẹ̀gẹ́." Ó tún ki ìka bọ̀ ọ́. "Kì í ṣe ọsàn. Kíkan ọsàn a máa já lu ahọ́n. Èyí ń rọra bọ̀." Ó gbé ife náà mì, ó gbé e sẹ́nu. "Èso igi ni."

Mo fi àjàgbọn tó kù hàn án. Ó fi èékánná bó èèpo rẹ̀, ó yọ hóró inú rẹ̀, ó fi eyín gé e wò. "Igi rẹ̀ á le," ni káfíńtà wí. "Ìyókù rẹ̀ dà?"

Fọlá ti gbé e dúró lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ sísè alágbọn. Bàámi jẹun. Kò gbé ojú sókè. Ó jẹ ẹja, ó jẹ ẹ̀gẹ́, ó fi ẹ̀gẹ́ tó kẹ́yìn nu àwo. Lẹ́yìn náà ló béèrè, "Iyọ̀ inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí, Bàámi."

"O ń purọ́."

"Ẹ bi Fọlá."

Fọlá ní kò sí. Bàámi wo àwo náà bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ẹnu mi kò jẹ́ kí n sinmi, mo ní, "Bàámi, ẹ ní ẹnu yín kò ní kan ọbẹ̀ mi títí láé."

Ó na àwo sí mi. "Mo sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì yẹ̀ ẹ́. Ẹnu mi kọ́ ló kan, Kọ́lá. Ọbẹ̀ rẹ ló kan. Lọ bù sí i."

Ìwọ ọmọbìnrin tó bi mí bóyá èmi ni mo yàn án, irọ́ ni n ó pa bí mo bá ní mo yàn án ní ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, nítorí pákó ló kọ̀ mí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú àwo òfìfo Bàámi lọ́wọ́ mi, bí mo ti ń padà lọ sídìí iná, ni mo yàn án.